Ẹ Má Tíì Kó Àga Ìyá Àgbà Dànù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyàwó tuntun ni mí, Ìbàdàn la ń gbé. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi, fún wa ní àga onígi tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1975: ọ̀kan elénìyàn mẹ́ta, méjì elénìyàn kan, àti tábìlì àárín. Fóòmù wọn ti rún, aṣọ ti ya, ọ̀kan nínú wọn sì ń mì. Èmi náà wá ra kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù kan lọ́jà, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyẹ̀fun kan ti ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù, kí n lọ ra tuntun. Ṣé ó ṣeé tún ṣe nílé? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni pálọ̀ wa ò ṣe ní dà bíi pálọ̀ ìyá àgbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ìyàwó wa. Ilé á tura fún yín o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn jáde sí ìta lónìí, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ àwọn àga. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ le díẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ní ti àga, ẹrù ayọ̀ ni wọ́n gbé fún yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó àga onígi ọdún 1975 dànù kí ẹ lè lọ ra èyí tí wọ́n fi pákó jákujàku kàn lánàá, tí wọ́n wá fi aṣọ dáradára bò mọ́lẹ̀, kò tíì yí àga dojú bolẹ̀ wò rí ni.

Férémù lẹ̀ ń rà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra àga àlòkù, férémù náà lẹ̀ ń jogún nígbà tí wọ́n bá fún yín. Fóòmù ṣeé pààrọ̀. Aṣọ ṣeé pààrọ̀. Bẹ́líìtì tó gbé fóòmù dúró, fáníìṣì tó wà lójú igi, ìyẹn náà ṣeé pààrọ̀. Férémù tó bá ti jẹrà ni kò ṣeé pààrọ̀, torí bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, àga mìíràn lẹ ti kàn yẹn. Àwọn tó ń ta àlòkù mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra àrán tó ń dán bo èyí tí kò dára. Ojú lẹni tó bá ń kánjú ń rà.

Ẹ yí ọ̀kan nínú àga yín dojú bolẹ̀. Lábẹ́ ìjókòó, ẹ ó rí igi tí wọn ò fi fáníìṣì kùn. Ẹ fi bíléèdì ha á díẹ̀. Bí ó bá yọ àwọ̀ ìyeyè tó ń lọ sí àwọ̀ ilẹ̀, ìrókò ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀gánwó ni. Igi apá wúwo ju méjèèjì lọ, ọwọ́ yín á sọ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e. Bí ó bá funfun, tó fúyẹ́, tí èékánná yín sì lè fi àmì sí i lára, arẹ̀rẹ̀ tàbí irú igi rírọ̀ mìíràn ni. Púpọ̀ nínú àga ìgbà yẹn, ìrókò tàbí ọ̀gánwó ni wọ́n fi kàn án, nígbà tí igi gidi ò tíì wọ́n tó báyìí. Ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta pákó ìrókò kan ní ọjà pákó Bódìjà, ẹ ó mọ ohun tí ìyá àgbà gbé fún yín.

Ó yá, èyí tó ń mì. Ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ẹ fi ọwọ́ kejì di igi tó gba abẹ́ ìjókòó kọjá mú, ẹ wá mì ín. Ẹ ó rí i tí oríkèé ibẹ̀ ń là tó sì ń pa dé. Ibẹ̀ ni àga sábà máa ń kọ́kọ́ ti bàjẹ́, nítorí bí èèyàn bá jẹun yó tó fẹ̀yìn tì, oríkèé ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gba gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ojú ọjọ́ náà ń dá kún un: igi máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, ó máa ń wú nígbà òjò, lọ́dọọdún, títí gọ́ọ̀mù àtijọ́ á fi jáwọ́.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ mú ìṣó ńlá kàn án. Gbogbo ọkọ nílé ló máa ń sáré wá ìṣó, ẹ bá mi bẹ bàbá. Ìṣó á dì í mú fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà á la igi, oríkèé tí à bá fi gọ́ọ̀mù tún ṣe á wá di èyí tí káfíńtà gbọ́dọ̀ gbẹ́ tuntun. Bí ẹ bá bá ìṣó àtijọ́ níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kékeré sábẹ́ ẹ̀mú kó má baà tẹ ojú igi.

Ẹ tú oríkèé yẹn sílẹ̀ pátápátá. Ẹ máa fi òòlù onírọ́bà lù ú díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ fi igi gba òòlù irin. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná wé e fún ìgbà díẹ̀, torí gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè máa ń rọ̀ nínú ooru àti omi. Bí ó bá tú, ẹ ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ kúrò lójú igi méjèèjì títí ẹ ó fi rí igi gan-an. Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń kánjú jù lọ. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, irú Top Bond, inú igi ló ń wọ̀ kó tó dì. Bí ó bá bá gọ́ọ̀mù gbígbẹ pàdé lójú ọ̀nà, kò ríbi wọ̀, oríkèé á sì tún tú kí ọdún tó yí. Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Bí ẹ ò bá ní kíláàǹpù, ẹ lọ bá fọkanáísà ládùúgbò, ẹ tọrọ túùbù táyà tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e gùn bí okùn, kó fẹ̀ tó íńṣì méjì, ẹ fà á le kí ẹ fi wé àga náà ká lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Rọ́bà yẹn á fún oríkèé pọ̀ ju bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè fún un lọ. Ẹ fi aṣọ tútù nu gọ́ọ̀mù tó bá yọ síta kó tó gbẹ, torí ibi tó bá gbẹ sí kì í gba fáníìṣì mọ́, àbàwọ́n ló máa hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àga sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbé sókè, ìsinsìnyí lẹ lè ti í padà sípò, tó bá dọ̀la ó ti bọ́. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e títí di ọjọ́ kejì.

Ó wá kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ìka ra ìyẹ̀fun yẹn wò. Bí ó bá kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀, kòkòrò tó ń lu igi ló ń dà á sílẹ̀. Ìdin rẹ̀ lè wà nínú igi fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, kó tó di kòkòrò tó lè fò. Ihò róbótó kéékèèké tí ẹ ó rí lójú igi, ọ̀nà tó gbà jáde nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà tó gbà wọlé. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Tó bá jẹ́ wóró líle bí yanrìn ló ń dà, irú ikán tó máa ń gbé inú igi gbígbẹ ni, tí kì í ti ilẹ̀ wá. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ rí ọ̀nà amọ̀ tó gba ara ògiri gòkè wá bá kọ́bọ́ọ̀dù, ikán ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹ pe lánlọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó ná owó oògùn, ẹ mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń mí. Ihò àtijọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́ ṣì máa ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé igi kiri, ti yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi àbẹ́là dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí, ẹ wá tẹ́ nylon dúdú sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyẹ̀fun tuntun lórí nylon, tàbí ihò tuntun tí kò ní àbẹ́là lójú, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú igi nìyẹn.

Oògùn igi wà, Solignum ni ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń pe gbogbo wọn. Ohun tí ẹni tó ń tà á kì í sọ ni pé kì í gba inú fáníìṣì kọjá. Ibi tí igi bá wà ní ìhòòhò, ìyẹn ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ rẹ̀ àti ìdí dúróà, ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi síríńjì rọ ọ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì jẹ́ kó gba atẹ́gùn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Tó bá jẹ́ abọ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ máa kó sí i, ẹ má fi oògùn kan inú rẹ̀ rárá. Ẹ tún fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ̀ọ̀, ẹ má bá a jà mọ́, ẹ sun ún. Àga yín kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu, torí apá funfun igi tó sún mọ́ èèpo, àti igi rírọ̀ bí arẹ̀rẹ̀, ni kòkòrò yìí ń wá kiri. Kì í fẹ́ràn àárín ìrókò. Síbẹ̀, kí wọ́n má wà nínú yàrá kan náà títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín da dichlorvos, apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sniper, sí i. Oògùn oko ni. NAFDAC ti fòfin de títà ìgò kékeré 100ml rẹ̀ láti ọdún 2019, nítorí ohun tó ń fojú àwọn èèyàn rí nínú ilé, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tó ń dà á sínú tìmùtìmù tí ọmọ wọn ń sùn lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àga. Ojú igi ló kàn, ẹ má sì tíì mú sáńpépà. Ohun dúdú tó wà lápá àga àti níbi tí orí máa ń kàn, ìdọ̀tí ọwọ́ àti òróró ìpara ọdún gbọọrọ ni. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rì aṣọ sínú rẹ̀, ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, ẹ fi nu igi, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àga tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa pé kí a bá wọn bó, iṣẹ́ tí wọ́n nílò kò ju èyí lọ.

Bí fáníìṣì bá ti ṣí kúrò lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún láyé ìjọ́sí. Ẹ ra sìpírítì ní ilé oògùn. Ẹ rin òwú díẹ̀, ẹ fi lé abẹ́ apá àga níbi tí ojú kò tó, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ojú igi bá ń lẹ̀, tí òwú sì gba àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, pólíìṣì àtijọ́ tí wọ́n fi shellac, oje kòkòrò kan, ṣe ni. Bí sìpírítì kò bá ràn án, ẹ dán tínà wò. Èyí tó bá yọ́ sí tínà, lacquer ni, fáníìṣì tó máa ń tètè gbẹ. Èyí tí méjèèjì kò ràn, fáníìṣì olóròóró ni, tàbí polyurethane, ìyẹn fáníìṣì oníke. Ìdánwò yìí kò ná yín ní nǹkan púpọ̀, ó sì lè gba iṣẹ́ yín là: bí ẹ bá fọ́n lacquer sórí fáníìṣì olóròóró, tínà inú rẹ̀ á jẹ ti ìsàlẹ̀, gbogbo ojú igi á sì hunjọ. Shellac ní tirẹ̀, tuntun tí ẹ bá kùn lé e lórí á yọ́ mọ́ ti àtijọ́ ni, wọ́n á di ọ̀kan, kò sí ìdí fún bíbó. Èmi kì í bó shellac. Bí ó bá sì ṣe pé àga ìdílé kan láti Pópó Àgùdà ní Èkó ló bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má fi ohunkóhun kàn án kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó rí i. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, káfíńtà àti bíríkìlà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú wọn, ojú igi àtijọ́ yẹn fúnra rẹ̀ sì ni iyì irú àga bẹ́ẹ̀.

Tábìlì àárín máa ní òbìrìkìtì funfun tí ife tíì fi sílẹ̀. Omi tó há sínú pólíìṣì ni. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú gbígbẹ lé e, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣí i wò, ẹ tún un ṣe. Bí òbìrìkìtì bá dúdú, omi ti dé inú igi nìyẹn, sáńpépà ló sábà máa ń gbà á.

Nísinsìnyí ẹ lè mú sáńpépà, fún ibi tó nílò rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò: 120 fún ibi tó rí gánnagànna, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ fi 240 parí. Bí iṣan igi bá ṣe lọ ni kí ọwọ́ yín máa lọ. Bí ẹ bá dá a lábùú, àmì rẹ̀ kò ní hàn títí ẹ ó fi kùn ún tán, ìgbà náà ló máa wá hàn gbangba. Ẹ bo imú àti ojú. Eruku ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń mú àyà há fún ẹlòmíràn, ti igi tí wọ́n ń pè ní mansonia tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ti fi ọ̀dà kun àga náà nígbà kan rí, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Èyí tí a ń rin lómi ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú nylon. Bí oyún bá sì ti wà, ìyàwó wa, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe apá yìí.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá fáníìṣì. Ẹ kùn ún ní àárọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ojú rẹ̀ á funfun bàìbàì bí ìgbà tí èèmí wà lójú dígí. Lacquer ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa, nǹkan bí aago mẹ́wàá, kí ẹ sì parí kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ìyọnu: ẹ wọ́n omi sílẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ ṣe é. Kí ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju kí ẹ kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ òróró linseed lẹ lò, ẹ má ká aṣọ tí ẹ fi nù ún jọ sínú àpò ìdọ̀tí. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, aṣọ tó ká jọ lè gbaná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ sá a síta títí á fi gan.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń wo fóònù á ní kí ẹ fi ọ̀dà funfun kun gbogbo rẹ̀. Ilé yín ni, ẹ̀yin lẹ ni ín. Lójú tèmi o, ẹni tó bá fi ọ̀dà bo ìrókò ti fi owó bo owó. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni kí ẹ kùn tó bá yè é, àgàgà tó bá jẹ́ HDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi 180 gbo ojú rẹ̀, ẹ kun primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ wá kun ọ̀dà olóròóró lẹ́ẹ̀mejì. Emulsion tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n kun ògiri kò lè dúró níbẹ̀, ọwọ́ lásán á bó o. HDF tó bá ti fa omi tí etí rẹ̀ ti wú, kò sí oògùn fún un.

Fóòmù àti aṣọ. Nígbà tí ẹ bá ń yọ aṣọ àtijọ́, ẹ má fà á ya. Ẹ tú u lójú rírán, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, òun ni aránṣọ á fi wọn tuntun. Ẹ wo bẹ́líìtì tó wà lábẹ́. Bí ó bá ti lọ bọ̀ọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Túùbù táyà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan tún ṣe é lò níbí: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ gé e, ẹ fà á le kí ẹ kàn án, kí ẹ hun ún níbùú lóròó. Àmọ́ rọ́bà dúdú máa ń pa aṣọ láró, nítorí náà ẹ ta àpò kòkó lé e lórí kí ẹ tó gbé fóòmù lé e. Fóòmù ìjókòó kò gbọdọ̀ dín sí íńṣì mẹ́rin, ti ẹ̀yìn lè jẹ́ mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí ẹ̀ṣẹ́ yín bá kan kàǹtà nísàlẹ̀ láìjà, á di pẹlẹbẹ kí ọdún tó yí, bó ti wù kó nípọn tó. Ẹ ní kí wọ́n gé e kó fi ìdajì íńṣì tóbi ju àpò aṣọ rẹ̀ lọ, kí aṣọ lè kún dáadáa.

Iye aṣọ tí ẹ máa rà, ẹ ṣírò rẹ̀ nílé kí ẹ tó dé ọjà aṣọ Gbági, torí ẹni tó ń tà á á sọ pé kò tó ni. Ká ní tìmùtìmù kan jẹ́ íńṣì 22 sí 22, tó sì nípọn ní íńṣì mẹ́rin. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú rírán á gba íńṣì 24 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ àga sábà máa ń fẹ̀ tó íńṣì 54, nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí íńṣì 24 aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká jẹ́ 88, ọ̀já méjì tó fẹ̀ ní íńṣì márùn-ún márùn-ún á ká a, ìyẹn 10 sí i. Àpapọ̀ jẹ́ 34, yáàdì kan kò sì ju 36 lọ. Yáàdì kan fún tìmùtìmù kan nìyẹn. Àga elénìyàn mẹ́ta ní tìmùtìmù mẹ́fà, ti ìjókòó àti ti ẹ̀yìn, méjì yòókù ní mẹ́rin: yáàdì mẹ́wàá. Ẹ ra mọ́kànlá. Tó bá jẹ́ aláràbarà ńlá tí àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ fi kún un.

Ìṣirò yìí kò bá ànkárá mu, torí ànkárá kì í sábà fẹ̀ ju íńṣì 46 lọ, kò sì lè gba 24 méjì. Ó tún fẹ́lẹ́ jù fún ibi tí èèyàn ń jókòó lé lójoojúmọ́. Aṣọ òkè náà, ẹ dáríjì mí, kò yẹ fún ìjókòó: òwú iṣẹ́ ọnà orí rẹ̀ á máa fà yọ. Ìrọ̀rí kéékèèké ni kí ẹ fi wọ́n ṣe. Àrán dára lójú, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹni tó jókòó lé e á mọ̀ pé òun jókòó. Aṣọ àga olówùú tó ki, aláwọ̀ kan ṣoṣo, ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú fún àga onígi: àwọ̀ eérú, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, tàbí àwọ̀ ẹyin tó bá jẹ́ pé kò tíì sí ọmọdé. Adìrẹ ẹlẹ́lú lórí ìrọ̀rí méjì mẹ́ta á gbé e jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, Ìbàdàndùn ni kí ẹ wá, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú àwòrán rẹ̀. Kí ẹ tó rán an, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún wò. Bí ẹlú bá bọ́ sí i, ẹ ṣan adìrẹ náà lómi tútù títí yóò fi mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun àlejò tó bá fẹ̀yìn tì í ló máa gbà á.

Ohun tó ń sọ pálọ̀ di ti ìyá àgbà, kì í ṣe àga. Aṣọ olówùú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun tẹ́ sẹ́yìn àga ni, òdòdó oníke, kàlẹ́ńdà ìsìnkú mẹ́rin lórí ògiri kan, àti àga tí wọ́n tì mọ́ ògiri yí ká tí àárín ilé wá ṣófo. Ẹ gbé àga elénìyàn mẹ́ta kúrò lára ògiri díẹ̀, kó fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà. Atẹ́gùn á gba ẹ̀yìn rẹ̀, èéhu kò sì ní hù nígbà òjò. Ẹ gbé ọ̀kan nínú elénìyàn kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó yíjú sí èkejì, kí ẹni méjì lè sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ẹ mú gílóòbù funfun tó ń sán bí ti ilé ìwòsàn kúrò, ẹ fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i, ẹ ó rí bí ìrókò yẹn ṣe máa yí padà lálẹ́. Ẹ fi ògiri kan sílẹ̀ lófìfo. Fọ́tò ìyá àgbà kan ṣoṣo tó ní férémù tó dáa tó.

Ẹ fi irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, èyí tí wọ́n ń lò láti gbé ṣẹ́ẹ̀fù dúró lára ògiri, de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i. Ọmọ tó bá ń kọ́ ìrìn máa ń fa dúróà gun òkè, kọ́bọ́ọ̀dù á sì ṣubú lé e.

Bí ẹ bá tún máa ra àlòkù mìíràn, ẹ wò ó fún ìdun kó tó wọlé. Ẹ tan iná fóònù sí ojú rírán, sí abẹ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́, sí gbogbo kọ̀rọ̀ oríkèé: àmì dúdú wínníwínní àti èèpo pẹlẹbẹ ni ẹ máa rí. Ìdun lè lo oṣù púpọ̀ láìjẹun, nítorí náà pé àga ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tipẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó mọ́. Ìta ni kí ẹ ti bọ́ aṣọ àti fóòmù rẹ̀, kí ẹ dì í sínú nylon kó má gba inú ilé kọjá. Fóòmù ibùsùn àlòkù, ẹ má rà á rárá.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ ni aṣọ rírán, àti oríkèé tí igi rẹ̀ bá ti là. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àga lẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ sọ fún un kí ó má kan aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti yá. Kí ó pè yín nígbà tó bá fi bẹ́líìtì tuntun sí i tán, kó tó bo ohunkóhun. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ jókòó lórí bẹ́líìtì yẹn lásán láìsí fóòmù, ẹ fọwọ́ mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí kò bá dún, tí kò sì mì, ẹ san ìdajì owó tó kù.